Agogo Òkú Tí Mo Fi Etí Ara Mi Gbọ́

Ilé Fámúrewá,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
Ìṣẹ́-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kọkànlá, 1988.

Doyinsọ́lá, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà èwe,

Mo ti borí! Doyin, mo ti borí! Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kí o má baà sọ pé ìgbà tí ojú mi lọ ni ìwà mi bá a lọ. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó níbẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí tó wà lókè òkun ń kọ̀wé sílé? Ṣé o ti dín iyọ̀ kù bí dókítà ṣe sọ, àbí orí kunkun ọjọ́sí yẹn ló ṣì wà níbẹ̀? Má wulẹ̀ dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé orí kunkun ni. Ní tiwa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti ń sá kòkó kiri etí títì, ara mi sì le. Ojú nìkan ni kò sí, mi ò sì torí ẹ̀ sunkún mọ́.

Ẹ̀rọ táípù mi náà ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. O rántí bí o ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Adó, nígbà tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láìwo ọwọ́? O ní ṣé akọ̀wé kóòtù ni mo fẹ́ dà ni. Ó dáa, wò mí lónìí! Ọmọ́rìnsọ́lá ló jókòó tì mí, òun ló ń fi bírò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń yọ ìwé kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. O mọ Ọmọ́rìnsọ́lá, ọmọ Adéwùnmí ará Ìkẹ́rẹ́, tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin, tí mo nà nítorí pé ó ń sáré kàwé bí ẹni tí ajá ń lé. Tíṣà lòun náà báyìí, nílé ìwé tí mo ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gbé yàrá kan nínú ilé mi. Màmá ló ń pè mí. Ó ti bẹ̀ mí pé kí n má yin òun jù nínú lẹ́tà yìí. Mo ní kó máa fi àmì rẹ̀ sí i, kó panu mọ́.

Doyin, ìwọ lo fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ rò fún ọ yìí. Ìwọ lo gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wá fún mi lọ́dún tí ojú yìí wọ̀ pátápátá, ìwọ náà lo fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí Ẹgbẹ́ Ohùn-Ìwé ní Àkúrẹ́, àwọn tó ń ka ìwé sórí kásẹ́ẹ̀tì fún àwa tí kò ríran. Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń gbé ìwé lé itan lásán. Màá ṣí i, màá fọwọ́ pa á, màá gbóòórùn rẹ̀, màá tún pa á dé. Èmi tí mo ti ń kàwé láti ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ẹ̀wà ń jóná lórí iná nítorí pé mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ewé kejì! Ọjọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ dé, ẹkún ni mo sun.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo nu ojú tán, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Háà! Àwọn òǹkàwé yẹn fẹ́ pa mí. Ọkùnrin kan wà tí mo sọ ní Olùkéde. Bí wọ́n ń jà nínú ìwé o, bí wọ́n ń gbéyàwó o, ohùn kan náà ni, ohùn tí wọ́n fi ń kéde iye tí wọ́n ń ra kòkó lọ́dún yìí. Obìnrin kan bí ìbejì lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń wá ọmọ, Olùkéde kà á kọjá, ó ṣí ewé. Èmi fúnra mi ni mo kígbe "Ẹ kú oríire o!" nínú yàrá, nítorí ó yẹ kí ẹnì kan bá obìnrin náà yọ̀.

Òmíràn wà tí mo sọ ní Pásítọ̀. Gbogbo nǹkan ló di ìwàásù lẹ́nu tiẹ̀. Olè ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó kà á débi pé mo ti fẹ́ ṣe "Àmín". Tó bá wá kan ibi tí obìnrin ti ń sọ̀rọ̀, á sọ ohùn rẹ̀ di tín-ín-rín bíi ti ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Doyin, èmi àti ìwọ ti dàgbà, ṣé o ti bá obìnrin kan pàdé rí tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kẹta ni ọmọdébìnrin kan tí ẹ̀rù ìwé ń bà. Bó bá ka ìlà mẹ́ta á gbé itọ́ mì, mo sì ń gbọ́ ọ tó ń lọ lọ́fun. Àkùkọ kan wà lẹ́yìn ilé wọn tó máa ń kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Ní tòótọ́, mo fẹ́ràn àkùkọ yẹn ju òun lọ, ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti dánu dúró.

O mọ̀ mí, mi ò lè rí iṣẹ́ ọmọ kíláàsì tó ní àṣìṣe kí n má fi bírò pupa sí i. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ sí Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi, ọ̀gá tó ń bójú tó kásẹ́ẹ̀tì ní Àkúrẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé òǹkàwé tó dáa kì í jẹ́ kí n rántí pé òun wà níbẹ̀, ìtàn náà nìkan ni màá máa gbọ́. Mo ní kó má ṣe ohùn obìnrin, kó má ṣe ohùn ọmọdé, kó ṣáà jẹ́ kí n gbà pé òun mọ àwọn èèyàn náà. Lóṣù kẹjọ ló tó fèsì. Ó ní Olùkéde ti ṣí lọ sí Èkó, Pásítọ̀ ti gba ìjọ mìíràn, ọmọdébìnrin náà sì ti lọ sílé ọkọ. Ìwé ìtàn Yorùbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí kò sí ẹni tó máa kà á. Tí wọn ò bá rí òǹkàwé kí oṣù kọkànlá tó parí, wọ́n á pa ìwé Yorùbá tì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n á máa kà. Ó wá ní bó ti jẹ́ pé èmi mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí n bá àwọn wá ẹnì kan. Ó rò pé òun ti fi ìyẹn dí mi lẹ́nu.

Gẹ̀ẹ́sì ò le mi, ìwọ náà mọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n kí n wà nínú òkùnkùn yìí títí ọjọ́ ikú mi, kí n má sì tún gbọ́ ìtàn kan mọ́ ní èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí? Mo ní láéláé. Mo pe Ọmọ́rìnsọ́lá, mo ní kó gbé ìwé wá.

A gbé mátírẹ́ẹ̀sì méjì ti fèrèsé, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀kùn, nítorí ẹ̀rọ ata Ìyá Bámijókò, aládùúgbò wa. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ké, a ó jókòó, a ó máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra wa. Bó bá dákẹ́, a ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé orúnkún Ọmọ́rìnsọ́lá. Bó bá ń sáré, màá fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sí Èkó bíi tàwọn ará rédíò, màá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ka orí kan ṣoṣo, òógùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀ wá tán. Nígbà tí mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rẹ́ mi, mo gbàgbé pé Ọmọ́rìnsọ́lá ló ń kà á.

A fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi sì dá èsì padà. Ẹ̀sùn méjì ló kà sí Ọmọ́rìnsọ́lá lọ́rùn. Èkíní, pé Èkìtì ti pọ̀ jù nínú ohùn rẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó á kàn máa fi rẹ́rìn-ín ni. Èkejì, pé ó ń kàwé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kàn án. Mo ní kí Ọmọ́rìnsọ́lá tún ìlà yẹn kà fún mi. Bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kàn án! Irú ẹ̀ṣẹ̀ wo nìyẹn? Ó ní òun máa wá fúnra òun ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n má baà sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ, àmọ́ kí n ti fi ọkàn sí i pé kò ní ṣeé ṣe. Ọmọ́rìnsọ́lá sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní bóyá kí òun lọ kọ́ bí àwọn ará rédíò ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní bó bá dán an wò, màá tún nà án.

Sátidé náà pé. Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi bọ́ọ́lẹ̀ nínú Pijó ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, pẹ̀lú kóòtù àti táì, ó gbé àpótí dúdú kan lọ́wọ́, ẹ̀rọ ìgbohùn rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Kò pẹ́ tó wọlé tí ooru bá a. Ó ní kí wọ́n gbé mátírẹ́ẹ̀sì kúrò, kí wọ́n ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, àdúgbò á máa gbọ́ wa o." Ó ní kí wọ́n máa gbọ́, kì í kúkú ṣe kásẹ́ẹ̀tì gidi, ìdánwò lásán ni. Epo ti tán nínú ẹ̀rọ ata, ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Rántí pé òun ló ní kí wọ́n ṣí fèrèsé o.

Òun náà ló ṣí ojú ewé tó wù ú. Ibi tó ṣí ni ibi tí ọmọbìnrin kan ti oko igi dé, tó sọ igi kalẹ̀, tó ń pe ìyá rẹ̀ tó sùn sórí ẹní, tí ìyá ò dáhùn. Kò tíì pé ọdún méjì tí ìyá Ọmọ́rìnsọ́lá kú ní Ìkẹ́rẹ́. Mo fẹ́ ní kí wọ́n ṣí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó rọra ń kà á. Ọmọ náà pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni Ọmọ́rìnsọ́lá dé ibi igbe: "Yéè! Màmá mi lọ o! Ta ni mo tún fẹ́ máa pè ní Màmá?" Doyin, kò ṣe ohùn tín-ín-rín, kò wàásù. Ó ké e bí àwọn obìnrin Ìkẹ́rẹ́ ṣe ń ké e.

Lójijì ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ níta.

Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé gbogbo àdúgbò ló ti rí ọkùnrin oníkóòtù tó gbé àpótí dúdú wọlé mi, wọ́n sì ti fẹnu kò pé dókítà ni, pé wọ́n pè é láti Àkúrẹ́ nítorí tèmi. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé Màmá ni Ọmọ́rìnsọ́lá ń pè mí. Kí lo fẹ́ kí wọ́n rò? Ìyá Bámijókò ló kọ́kọ́ já wọlé, ó ti tú gèlè orí, ó ti fi gbájá. Ó ń pariwo pé, "Àyọ̀ká o! Ìyá Tíṣà! O ò dágbére fún mi! Àná la jọ jẹ àkàrà!" Àwọn obìnrin àdúgbò rọ́ tẹ̀lé e. Fágbèmí káfíńtà náà sáré dé. Ó ní òun kàn wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Ọmọ́rìnsọ́lá rí téèpù ìwọnpákó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan gbá Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi láyà mú, ó ní, "Dókítà, kí lẹ fún un mu?" Ọkùnrin náà ń sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ni," ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ẹnu Ọmọ́rìnsọ́lá ò lè ṣí.

Èmi jókòó sórí àga mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi pé èmi ni wọ́n ń sunkún. Mo ní, "Ìyá Bámijókò, ta ló kú?"

Gbogbo ilé bú sígbe lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan sá jáde, ẹnì kan gba ojú fèrèsé lọ. Ìyá Bámijókò kò sá. Ó bẹ́ mọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi lójú mú, ó ń fọwọ́ pa mí lójú láti rí i pé ara mi gbóná. Ọwọ́ ata ni! Doyin, ojú mi ò ríran mọ́, àmọ́ ó ṣì mọ ata. Èmi náà wá ń sunkún, òun ń sunkún, ó tún wá ń bú mi pé irú eré játijàti wo ni mò ń fi àgbà ṣe nínú ilé yìí.

Ibi tó ti ń bú mi lọ́wọ́ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kan, ó tún dákẹ́. O mọ bí wọ́n ṣe ń lu agogo òkú. Bàbá Akíntọ́lá tó ń lu agogo ìjọ wa ò tilẹ̀ wọlé mi, ojú títì ló ti gbọ́ igbe náà, ó sì gba ibẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mo jókòó sórí àga, mo ń gbọ́ agogo òkú ara mi! Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, n ò lè dá a dúró. Wọ́n ní kí ẹnì kan sáré lọ dá bàbá lẹ́kun. Ẹni náà padà wá, ó ní Bàbá Akíntọ́lá ní òun ò dá agogo òkú dúró lágbedeméjì rí, òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó lù ú tán.

Nígbà tí ilé rọ̀, Ìyá Bámijókò bi Ọmọ́rìnsọ́lá pé ìyá ta ló wá kú. Ọmọ́rìnsọ́lá gbé ìwé sókè. Ìyá Bámijókò ní, "Nínú ìwé?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọmọ náà ńkọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí?" Mo gbọ́ tó fi ìdí lélẹ̀ gbìì. Ó ní, "Kà á. A ò lọ."

Bí gbogbo wọn ṣe jókòó nìyẹn, èèyàn bí mẹ́rìnlélógún gẹ́gẹ́ bí Ọmọ́rìnsọ́lá ṣe kà wọ́n. Wọ́n gba àga lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi, orí mátírẹ́ẹ̀sì tó ní kí wọ́n gbé kúrò lójú fèrèsé ló bá ara rẹ̀. Ọmọ́rìnsọ́lá kàwé fún wákàtí kan gbáko. Kò sáré, kò gbé ohùn lọ sí Èkó, ọwọ́ mi ò sì sí lórúnkún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ ọmọ náà, Fágbèmí káfíńtà búra pé òun máa fọ́ ẹnì kan lórí. Nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sílé, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fọn imú láti ọ̀nà orí mátírẹ́ẹ̀sì.

Mo dúró kó parí. Mo wá ní, "Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi, ṣé àwọn ará Ìbàdàn á rẹ́rìn-ín?" Ó tún imú fọn. Ó ní, "Màmá, ọmọ Ìbàdàn ni mí. Mi ò rẹ́rìn-ín." Ó ní ọdún mẹ́jọ ni òun ti fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ò sáré dé ibi kankan rí nítorí ohun tí àwọn kà. Ó wá sọ fún Ọmọ́rìnsọ́lá pé kó máa kà á bó ṣe ń kà á, kó má yí nǹkan kan padà. Ẹ̀n-ẹ́n! Ariwo tí wọ́n pa nínú ilé yìí, bóyá o ò gbọ́ ọ l'Ékòó! Ìyá Bámijókò ló jó jù, obìnrin tó sọ pé eré játijàti ni.

Lẹ́tà àṣẹ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kó fún Ọmọ́rìnsọ́lá, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Bámijókò sì ti ní ẹ̀rọ òun ò ní ké láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà. Mo gbọ́ pé bírò dúró. Ọmọ́rìnsọ́lá ń sunkún lórí lẹ́tà mi, á ba tàdáwà jẹ́. Fi àmì sí i, ọmọ yìí!

Ohun kan ló kù. Ẹ̀rọ Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi ń gbohùn ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó fẹ́ pa kásẹ́ẹ̀tì náà rẹ́, kó lò ó fún nǹkan mìíràn, mo ní kò tó bẹ́ẹ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ìwọ nìkan. Láti ìgbà tí ojú yìí ti lọ, àwọn èèyàn á wọlé mi, wọ́n á bi ẹlòmíràn pé ṣé Màmá ti jẹun, ṣé Màmá sùn dáadáa, èmi náà á sì jókòó síbẹ̀. Mo ti gbà nínú ara mi pé ìlú yìí ti sin mí tán, pé ara mi nìkan ló kù nílé. Ṣùgbọ́n mo máa ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn ní ìrọ̀lẹ́, màá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni, Doyin. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó dúró wọ bàtà.

Mo ti ní kí wọ́n dà á kọ sórí òmíràn fún ọ. Ọmọ́túndé, awakọ̀ tó ń ná Èkó, ló máa kó òun àti lẹ́tà yìí wá. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo dúpẹ́ lórí aṣọ òtútù tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọmọ́rìnsọ́lá ní kí n kí ọ, Ìyá Bámijókò náà ní kí n kí ọ. Tí o bá ti gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, jókòó dáadáa. Wàá gbọ́ igbe, wàá gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ mi, wàá gbọ́ agogo lọ́ọ̀ọ́kán. Má bá wọn sunkún. Kí agogo tó dún, wàá gbọ́ obìnrin kan tó bèèrè pé ta ló kú.

Èmi nìyẹn,
ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣì wà láàyè,
Victoria Àyọ̀ká Fámúrewá.